Ìtẹ́lọ́rùn àti Ìfúnni: Ìtàn John Wesley àti Pọ́n-ùn 28 Rẹ̀

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ìtàn àwọn ọba, àwọn ogun àti àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tí a wá ṣiṣẹ́ sí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ rẹ̀ ni John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n sàmì fún ní ìjọ náà, tàbí tó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tàbí tí ìyá rẹ̀ bí i sí ilé ìwòsàn rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí Wesley fi owó ara rẹ̀ ṣe kò hàn sí púpọ̀ nínú wa.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí wá kò jìnnà. Bí ẹni méjì nínú wa bá pàdé níbi ìnáwó, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ti ilé: ta ló ti ra ilé níhìn-ín, ta ló ti kọ́lé sí Lẹ́kkí tàbí sí Ìbàdàn, irú ọkọ̀ wo ni lágbájá ń gùn, èló ni aṣọ ẹbí ọjọ́ ìbí tàmẹ̀dò. Ilé kò burú, ọkọ̀ kò burú, ayẹyẹ náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti di pé nǹkan wọ̀nyí nìkan ni a fi ń mọ ẹni tí Ọlọ́run ṣe rere fún, ó yẹ kí á bi ara wa pé ta ló fún wa ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. John Wesley yan òṣùwọ̀n tirẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Owó wọlé fún un lẹ́yìn náà, kò sì tìtorí rẹ̀ yí òṣùwọ̀n náà padà.

ILÉ TÍ WỌ́N TI BÍ I

Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1703 ni wọ́n bí Wesley ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Epworth, ní Lincolnshire. Bàbá rẹ̀, Samuel, jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà. Ìyá rẹ̀, Susanna, bí ọmọ 19, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. John ni ó ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Gbèsè kò kúrò nínú ilé náà. Ní ọdún 1705 wọ́n sọ bàbá náà sẹ́wọ̀n ní Lincoln nítorí gbèsè tí kò rí san. Ní ọdún 1709, iná jó ilé wọn kanlẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti yọ John, ọmọ ọdún 5, jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ olówó tí kò mọ ìyà ni ó wá ń wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún ẹlòmíràn. Ó mọ bí ilé ti í rí nígbà tí ẹni tí a jẹ ní gbèsè bá ń kan ilẹ̀kùn.

Ó kàwé ní Oxford, wọ́n sì yàn án sípò olùkọ́ ní Lincoln College ní ọdún 1726. Ipò náà ní owó ọdọọdún. Ọmọ ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n nítorí gbèsè ti bọ́ sí gbangba. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe: ó ra àwòrán, ó fi ṣe ògiri yàrá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

PỌ́N-ÙN 28

Wesley fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn kan nípa àwọn àwòrán yẹn. Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú, ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tálákà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ wọn. Aṣọ ọ̀gbọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló wà lára ọmọ náà. Wesley bi í bóyá kò ní òmíràn tó lè fi bora. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kó lè fún un lówó, ó bá àpò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, torí pé ó ti ná owó náà. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ lọ sára ògiri. Ó rí i pé owó tí ì bá bo ọmọ yìí lára ni òun fi bo ògiri.

Nígbà tó di arúgbó, ó sọ nínú ìwàásù kan nípa ọ̀kan nínú àwọn Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ ní Oxford. Kò dárúkọ ẹni náà, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn gbà pé ara rẹ̀ ló ń sọ. Ní ọdún kìn-ín-ní, £30 wọlé fún ẹni yìí. Ó ná £28, ó fi £2 tọrẹ. Ní ọdún kejì, £60 wọlé. Ó ná £28, ó fi £32 tọrẹ. Ní ọdún kẹta, £90 wọlé. £28 náà ló ná, ó fi £62 tọrẹ. Ní ọdún kẹrin, £120 wọlé; ó ná £28, ó fi £92 tọrẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ìṣirò yìí. £28 kì í ṣe owó ebi nígbà náà. Ẹni náà ń jẹun, ó ń wọṣọ, kò sì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà wa ní ṣe-bí-o-ti-mọ kì í tẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó wo iye tó tó òun, ó pa ààlà sí i, gbogbo èyí tó bá sì kọjá ààlà náà di ti ẹlòmíràn. Ní tiwa, bí owó bá ti ń pọ̀ sí i ni àwọn ohun tí a sọ pé a kò lè ṣe aláìní náà ń pọ̀ sí i. Yàrá kan gba ẹlòmíràn tìyàwó tọmọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ilé oníyàrá mẹ́rin kò gbà á mọ́. Ó ń pawó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá ní kó ṣe ìrànlọ́wọ́, ó ní ọwọ́ òun kò tíì dẹ̀. Bí kò bá sí ààlà, ọwọ́ kì í dẹ̀ láéláé.

OHUN MẸ́TA TÓ FI KỌ́NI

Ní ọdún 1760, Wesley tẹ ìwàásù kan jáde lórí bí Kristẹni ṣe yẹ kó lo owó. Ohun mẹ́ta ni ó kó sínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ènìyàn ṣiṣẹ́ kára kó sì rí owó. Èkejì, kó ṣọ́ owó náà ná, kó má fi ṣe àṣehàn. Ẹ̀kẹta, kó fi èyí tó bá ṣẹ́kù ṣe oore. Nítorí náà, Wesley kò bá ọ̀lẹ ṣe, kò sì sọ pé òṣì ni ìwà mímọ́. A máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó máa darí rẹ̀.

Ó tún fi ìkìlọ̀ sí ohun àkọ́kọ́ yẹn. Ó ní ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ìlera ara rẹ̀ wá owó, kò sì gbọdọ̀ rí owó lọ́nà tí yóò pa ọmọnìkejì lára. Gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, ìkìlọ̀ nípa ìlera yẹn wọ̀ mí lára. Nígbà tí a bá ń wọn ìfúnpá fún àwọn ènìyàn wa níbi ìpàdé, mo máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru pàdé lára àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, tí wọn kì í sùn tó, tí wọn kò rí àyè lọ gba oògùn wọn. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọn á ní ilé tí àwọn ń kọ́ ní Nàìjíríà kò tíì parí. Ilé náà lè dé òrùlé kí olówó rẹ̀ má lè dé inú rẹ̀. Wesley kò ní pe èyí ní àṣeyọrí.

Ìkìlọ̀ kejì, ti ọmọnìkejì, kan àwa ọmọ adúláwọ̀ gan-an. Ìlú Bristol ni Wesley ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní ìta gbangba ní ọdún 1739, ibẹ̀ náà ni ó sì kọ́ ilé ìpàdé tí à ń pè ní New Room sí ní ọdún yẹn. Ní àkókò náà, ọkọ̀ òkun ń ti Bristol lọ kó ẹrú ní Áfíríkà. Ẹni ńlá kan tí ìlú náà ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni Edward Colston, tó kú ní ọdún 1721. Ó ti wà nínú Royal African Company láti ọdún 1680, ilé iṣẹ́ tó ń kó àwọn ènìyàn wa tà. Ó fi owó ṣe ilé ìwé, ó fi ṣe ilé àwọn arúgbó. Wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró ní ọdún 1895. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn èrò wó ère náà lulẹ̀, wọ́n sì tì í sínú omi èbúté. Colston tọrẹ púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrẹ kì í fọ owó tí a fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kó jọ mọ́.

Wesley kọ ìwé lòdì sí òwò ẹrú ní ọdún 1774. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ó sàn kí orílẹ̀-èdè wà láìlọ́rọ̀ ju kó jẹ irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1791, lẹ́yìn tó ka ìwé tí ọmọ Áfíríkà kan kọ, ó kọ lẹ́tà sí William Wilberforce pé kó má ṣe jẹ́ kó rẹ òun láti máa bá òwò náà jà. Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ lẹ́yìn lẹ́tà náà tí Wesley fi kú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, Wesley kò bímọ, kò sí ẹbí tó ń pè é láti ilé lóròòru.” Òótọ́ ni pé kò bímọ. Ṣùgbọ́n kò ní kí á fi ebi pa ará ilé. Ó to ọ̀rọ̀ ìnáwó náà lẹ́sẹẹsẹ: kí o pèsè ohun tó tó fún ara rẹ, kí o pèsè fún aya, ọmọ àti àwọn ará ilé rẹ, kí o ran àwọn onígbàgbọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kí o ṣe oore fún gbogbo ènìyàn. Owó oògùn tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ àti owó ilé ìwé ọmọ àbúrò rẹ wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò sí nínú rẹ̀ ni owó tí a fi ń bá ẹlòmíràn díje.

PẸ́NÌ KAN LỌ́SẸ̀

Ohun kan tún wà tí yóò wu àwa tí a mọ àjọ àti èsúsú. Ní ọdún 1742, gbèsè New Room wà lọ́rùn àwọn ọmọ ìjọ ní Bristol. Wọ́n dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè rí i dá. Ọ̀gákọ̀ kan tó ń jẹ́ Foy wá ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù lọ fún òun. Òun yóò máa tọ̀ wọ́n lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá rí i dá, kó dá a. Ẹni tí kò bá rí i dá, òun yóò dá a fún un. Àwọn mìíràn ní àwọn náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn olórí wọ̀nyí ti ń wọlé tọ ènìyàn lọ ni wọ́n ń rí ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí ebi ń pa, ẹni tí ìdààmú bá. Báyìí ni kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kíláàsì kan náà tí àwọn ìyá wa ń san owó rẹ̀ ní ilé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Ní ọdún 1746 ó dá owó àyálò sílẹ̀ ní London. Ó kó ohun tó lé díẹ̀ ní £30 jọ. Ẹnì kan kò lè yá ju ṣílè 20 lọ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa dá a padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí oṣù mẹ́ta. Nínú oṣù 18, ènìyàn 255 ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà nínú owó kékeré yẹn, nítorí pé bí ti ẹnì kan bá ti ń wọlé ni wọ́n ń yá ẹlòmíràn. Ní ọdún 1775, nígbà tí iye tí wọ́n ń yáni ti pọ̀ ju ti àtètèkọ́ṣe lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin aránbàtà kan tó ń jẹ́ James Lackington yá £5 nínú irú owó yìí láti fi ta ìwé. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ìwé jù lọ ní London.

Ní ọdún 1746 kan náà, Wesley bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tálákà London ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Láàrín oṣù márùn-ún, ó lé ní 500 ènìyàn tó gba oògùn. Ní ọdún 1747 ó tẹ ìwé ìtọ́jú ara kan jáde, olówó pọ́ọ́kú, fún àwọn tí kò lè san owó dókítà. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn inú ìwé náà ni èmi kò ní sọ pé kí ẹ lò lónìí! Ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀, pé kí ìtọ́jú má ṣe jẹ́ ti olówó nìkan, ni a fi ń ṣiṣẹ́ wa títí di òní.

ỌJỌ́ OGBÓ RẸ̀

Ìwé tí Wesley ń kọ tà púpọ̀, owó gidi sì wọlé. Ní ọdún 1776, àwọn agbowó orí ìjọba kọ̀wé sí i pé ẹni ńlá bíi tirẹ̀ kò lè ṣàìní ohun èlò fàdákà tó yẹ kó san owó orí lé lórí. Ó dá wọn lóhùn pé ṣíbí fàdákà kékeré méjì ni òun ní ní London, méjì sì wà ní Bristol, òun kò sì ní ra sí i nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá oúnjẹ láyìíká òun.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1785, nígbà tó pé ẹni ọdún 81, ó rí i pé àwọn tálákà ìjọ kò ní aṣọ òtútù. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi rìn káàkiri London tó ń tọrọ owó fún wọn, tí yìnyín tó ń yọ́ sì ń mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó rí £200 kó jọ kí àìsàn tó dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de bọ́ọ̀sì nínú yìnyín London mọ ohun tí mo ń wí.

Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1791, ní ẹni ọdún 87, nínú ilé rẹ̀ ní City Road. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún rẹ̀ pé kí wọ́n má wá ọkọ̀ òkú olówó ńlá. Kí tálákà mẹ́fà gbé òkú òun, kí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ṣílè 20. Kódà ìnáwó òkú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí á rántí èyí nígbà tí a bá tún ń jókòó ìpàdé ìnáwó òkú bàbá wa.

BÍ Ó ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú, tí wọ́n sì padà wálé láti Sàró, wà lára àwọn tó ránṣẹ́ pe ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Wesley Guild ní Britain ni wọ́n ń dáwó fún un. Púpọ̀ nínú wọn kò sì fojú rí Iléṣà rí. Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1956 sí 1961. Òun ló fi ìdí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún múlẹ̀ níbẹ̀, tó sì ṣe iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé lórí káàdì tí a fi ń wo bí ọmọ ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí i. Irú káàdì yẹn ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lè jẹ́ ẹni tí wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n níbẹ̀. Owó kékeré tí ẹnì kan kò fi ra ohun àṣehàn ní ilẹ̀ yìí wà nínú ìdí tí wọ́n fi wà láàyè.

OHUN TÓ BÀ Á LẸ́RÙ

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Wesley lórí owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀. Ní ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó rí i pé àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ti ń lọ́rọ̀. Ẹ̀sìn sọ wọ́n di aláápọn, kò jẹ́ kí wọ́n fi owó mutí, wọ́n sì ń kówó jọ. Ohun kìn-ín-ní àti èkejì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n gbàgbé ẹ̀kẹta. Ó kìlọ̀ fún wọn léraléra pé ọrọ̀ tí ìgbàgbọ́ bí lè pa ìgbàgbọ́ náà.

Ẹ̀yin ará wa, ìtàn wa ni èyí. Pẹ̀lú àpótí kan ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi dé. A ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ṣe, a kò mutí nù, a kò ṣèranù, a sì rí ṣe. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ fún wa lórí pẹpẹ pé ọrọ̀ náà ni àmì pé Ọlọ́run fẹ́ràn wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ fún arábìnrin wa tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe, tó ń gba owó kékeré, tó sì ń tọ́ ọmọ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta láti ibẹ̀? Lójú tèmi, kò sí olówó láàrín wa tó ṣe oríire jù ú lọ.

Mo dá ohun méjì lábàá. Ohun àkọ́kọ́ ni kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan jókòó kí wọ́n tó fi kún owó oṣù wọn, kí wọ́n kọ £28 tiwọn sílẹ̀, iye tó tó ilé wọn láìsí àṣehàn, kí wọ́n sì pinnu ẹni tí èyí tó bá lé yóò jẹ́ tirẹ̀. Bí owó bá ti wọlé tán kí á tó pinnu, ọjà ni yóò bá wa pinnu. Èkejì ni kí ẹgbẹ́ wa wò ó bóyá a lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ wa, kí á máa yá àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láìgba èlé, kí wọ́n máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó kàn. Bí nǹkan bíi £30 bá lè ran ènìyàn 255 lọ́wọ́, owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo láàrín wa lè ṣe iṣẹ́ ńlá.

Kí Ọlọ́run fún wa ní èyí tó tó, kó sì fún wa ní ojú tí yóò mọ̀ pé ó tó. Àmín.